Ikùn lílà tàbí ihò kéékèèké: èwo ló yẹ jẹjẹrẹ ìfun tó ti lẹ̀ mọ́ àpò ìtọ̀?

Ìbéèrè: Ẹni ọdún 63 ni bàbá mi, Ògbómọ̀ṣọ́ ni a ń gbé. Ó tó oṣù mẹ́jọ tí wọ́n ti ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Jẹ̀díjẹ̀dí ni gbogbo wa pè é, àgbo ni wọ́n sì ń mu sí i. Nígbà tí a gbé wọn dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni, ní apá òsì nísàlẹ̀. Àwòrán CT sọ pé kókó náà tó sẹ̀ǹtímítà 6, pé ó ti lẹ̀ mọ́ àpò ìtọ̀, pé kókó wẹ́wẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó wà nítòsí rẹ̀ ti wú, ṣùgbọ́n kò tíì dé ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà ní àwọn máa la ikùn ni. Àbúrò bàbá mi tó wà ní London ní kí a má gbà, pé oníhò kéékèèké ni gbogbo ayé ń ṣe báyìí. Ṣé torí pé wọn kò ní ẹ̀rọ rẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ la ikùn? Ṣé kí a gbé wọn lọ sí ibòmíràn?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá o, ẹ sì kú àìsùn. Ọlọ́run yóò fún wọn ní àlàáfíà.

Kí n kọ́kọ́ dáhùn ní ṣókí, kí ọkàn yín lè balẹ̀ ka ìyókù. Bí ohun tí CT rí bá rí bí ẹ ṣe kọ ọ́ yìí, ikùn lílà ni èmi náà yóò mú fún Bàbá, ìbáà jẹ́ pé gbogbo ẹ̀rọ ayé ló wà nílẹ̀. Kókó tó ti lẹ̀ mọ́ àpò ìtọ̀ gbọ́dọ̀ jáde pẹ̀lú apá àpò ìtọ̀ tó lẹ̀ mọ́, ní odindi, láìya, láìfọ́. Ọwọ́ tó wọ inú ikùn sì tètè ń mọ ibi tí ohun líle parí sí ju ọ̀pá irin gígùn lọ. Àbúrò Bàbá kò parọ́ o. Àìsàn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ àti èyí tó wà lára Bàbá ni kò rí bákan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́.

Ògiri ìfun ńlá ní ìpele: awọ inú tó ń yọ̀, ẹran tó ń fún ìgbẹ́ lọ síwájú, ọ̀rá, àti awọ fẹ́lẹ́ tó bò ó lóde. Inú ni jẹjẹrẹ ti ń bẹ̀rẹ̀, òde ló sì ń kọjú sí. Bó bá ti la ẹran kọjá dé inú ọ̀rá, àwọn dókítà á kọ T3. Bó bá la awọ òde yọ, wọ́n á kọ T4a. Bó bá wọ inú ẹ̀yà ara mìíràn, bí àpò ìtọ̀, ilé ọmọ tàbí ìfun kékeré, T4b nìyẹn. Lẹ́tà N dúró fún àwọn kókó wẹ́wẹ́ tó ń ṣọ́ ara, tí wọ́n ń pè ní lymph node; ẹ jẹ́ kí n máa pè wọ́n ní kókó ẹ̀ṣọ́. Bí jẹjẹrẹ bá ti wọ ọ̀kan sí mẹ́ta nínú wọn, N1 ni; bó bá di mẹ́rin sókè, N2 ni. M1 sì túmọ̀ sí pé ó ti ràn dé ibi tó jìnnà, bí ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ wá àwọn lẹ́tà yìí nínú ìwé àbájáde Bàbá. Ẹni tó ní T3 pẹ̀lú kókó ẹ̀ṣọ́ méjì, ẹni tí tirẹ̀ ti wọ àpò ìtọ̀, àti ẹni tí tirẹ̀ ti dé ẹ̀dọ̀: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni aráàlú máa ń sọ pé "ó ti wọra". Ìtọ́jú wọn kò jọra rárá.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ẹbí kì í mọ̀: nínú ikùn lọ́hùn-ún, iṣẹ́ kan náà ni ọ̀nà méjèèjì ń ṣe. Apá ìfun tó ní kókó ni wọ́n fẹ́ gé, pẹ̀lú ìfun tó dára tó sẹ̀ǹtímítà 5 lókè rẹ̀ àti 5 nísàlẹ̀ rẹ̀, àti gbogbo awẹ́ ọ̀rá tó gbé e dání, nítorí inú ọ̀rá yẹn ni iṣan ẹ̀jẹ̀ àti kókó ẹ̀ṣọ́ wà. Wọ́n á tọ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ apá òsì ìfun náà lọ dé ìdí rẹ̀, wọ́n á dì í níbẹ̀, wọ́n á gé e, kí àwọn kókó ẹ̀ṣọ́ tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè bá a jáde. Kí wọ́n tó gé ohunkóhun, wọ́n gbọ́dọ̀ fojú rí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà bọ̀ láti inú kíndìnrín òsì, nítorí ẹ̀yìn ìfun yẹn gan-an ló gbà kọjá; ẹni tó bá gé e láìmọ̀ ti dá wàhálà tuntun sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á so orí ìfun méjèèjì pọ̀, yálà pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú tàbí pẹ̀lú ẹ̀rọ stapler. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi stapler dẹ́rù bà yín: ìfun tí ọwọ́ tó mọṣẹ́ bá rán kò kẹ̀rẹ̀ sí èyí tí ẹ̀rọ so.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé ló yàtọ̀. Ní ti ikùn lílà, wọ́n á la ojú kan gígùn láàárín ikùn, láti òkè ìdodo lọ sísàlẹ̀, tó lè tó sẹ̀ǹtímítà 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ á sì wọlé. Ní ti oníhò, tí wọ́n ń pè ní laparoscopy, ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún ni, tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 5 sí 12. Wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ carbon dioxide sínú ikùn kí ó lè gbéra sókè bí àgọ́, wọ́n á dorí aláìsàn kọdò díẹ̀ kí ìfun kékeré lè yí kúrò lọ́nà, wọ́n á ti kámẹ́rà bọ ihò kan àti ọ̀pá irin gígùn bọ àwọn yòókù, wọ́n á sì máa wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn lójú tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá rò pé oníhò kì í la ikùn rárá kò tíì gbọ́ ọ tán. Kókó sẹ̀ǹtímítà 6 kò lè gba ihò mìlímítà 12 jáde. Nígbẹ̀yìn, wọ́n á la ojú kan tó tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8, wọ́n á fi náílọ́ọ̀nù tẹ́ etí rẹ̀ yíká kí jẹjẹrẹ má baà ta sí ojú ọgbẹ́, kí wọ́n tó fa ìfun náà jáde.

Nígbà tí oníhò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, láàárín ọdún 1990 sí 2000, ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ dókítà, torí wọ́n ń rí jẹjẹrẹ tó tún hù lójú ihò tí wọ́n gbà wọlé. Ìwádìí ńláńlá ló yanjú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí COST, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2004, pín aláìsàn 872 sí méjì ní ilé ìwòsàn 48. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, jẹjẹrẹ padà sára ìdá 16 nínú 100 àwọn tí wọ́n ṣe oníhò fún, àti ìdá 18 nínú 100 àwọn tí wọ́n la ikùn wọn. Ìyàtọ̀ yẹn kò tó nǹkan. Èyí tó tún hù lójú ọgbẹ́ kò tó ẹyọ kan nínú 100 níhà méjèèjì. Àwọn oníhò fi nǹkan bí ọjọ́ kan ṣáájú lọ sílé: ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 6. Ní Japan, ìwádìí JCOG0404 wo aláìsàn 1057 tí jẹjẹrẹ wọn ti jìn wọ ògiri ìfun. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, àwọn tó wà láàyè jẹ́ ìdá 90.4 nínú 100 fún ikùn lílà, àti 91.8 fún oníhò. Ohun tí àbúrò Bàbá ń wí nìyẹn, òótọ́ sì ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí wọn kò gbà wọ inú ìwádìí náà. COST kò gba ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yà mìíràn, kò gba ẹni tí ìfun rẹ̀ ti dí tàbí tó ti lu. JCOG0404 náà kò gba ẹni tí tirẹ̀ ti wọ ẹ̀yà mìíràn. Irú Bàbá gan-an ni wọ́n yọ sílẹ̀. Àbájáde tí a rí lára àwọn yòókù kò ṣeé gbé wọ Bàbá bí ẹ̀wù. Àwọn dókítà tó mọ oníhò dunjú ń fi ṣe T4b níbòmíràn, àwọn kan sì ń rí èsì rere, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni, lára aláìsàn tí wọ́n fara balẹ̀ ṣà.

Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́ ni ojú tí ìfun ti lẹ̀ mọ́ àpò ìtọ̀. Tí dókítà bá débẹ̀, yóò rí nǹkan méjì tó lẹ̀ pọ̀ bí ẹ̀kọ tó gan mọ́ ewé. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ló wọ inú àpò ìtọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ara ló wú níbẹ̀, tó gan, láìsí jẹjẹrẹ kankan nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá gbé irú ẹran bẹ́ẹ̀ lọ sí abẹ́ ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nǹkan bí ìdajì ìgbà ni wọ́n ń bá jẹjẹrẹ níbẹ̀. Ojú kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ọwọ́ pàápàá kò lè fi gbogbo ara mọ̀ ọ́n. Bí dókítà bá fẹ́ ṣí i díẹ̀ wò, tàbí tó gé bíńtín lọ yẹ̀ wò níbẹ̀, bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ni, ó ti tú u sínú ikùn nìyẹn, ó sì lè hù káàkiri lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Nítorí náà, òfin iṣẹ́ yìí kò ní àfojúfò: má ya á, gé méjèèjì pọ̀.

Bí ó ti máa ń rí nìyí. Ìfun apá ibẹ̀ sábà máa ń lẹ̀ mọ́ orí àpò ìtọ̀ lókè, ibẹ̀ sì rọrùn. Wọ́n á gé roboto kan kúrò lára àpò ìtọ̀, tó fi sẹ̀ǹtímítà 1 tàbí 2 kọjá ibi tó le, wọ́n á fi òwú tó ń yọ́ fúnra rẹ̀ rán an ní ìpele méjì, wọ́n á sì fi rọ́bà ìtọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ 7 sí 14 kí ojú ìránṣọ lè jinná láìsí pé ìtọ̀ ń tì í. Àpò ìtọ̀ máa ń fẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ ìdí àpò ìtọ̀ nísàlẹ̀ ló lẹ̀ mọ́, níbi tí ọ̀nà ìtọ̀ láti inú kíndìnrín méjèèjì ti wọlé, iṣẹ́ náà le gan-an. Dókítà àpò ìtọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú tíátà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ bi Bàbá léèrè, kí ẹ má tijú: ṣé afẹ́fẹ́ máa ń bá ìtọ̀ wọn jáde bí ìfóòfó? Ṣé ìtọ̀ wọn ń rùn bí ìgbẹ́? Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, ihò ti là láàárín ìfun àti àpò ìtọ̀, kí ẹ sọ fún dókítà lónìí.

Kí ló máa ń bàjẹ́ tí wọ́n bá fi oníhò bẹ̀rẹ̀ irú èyí? Ọ̀pá irin kì í sọ bí nǹkan ṣe le tó bí ìka ṣe ń sọ. Kókó ńlá wúwo, ó sì ṣòro láti fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gbé láìgún un. Ẹ̀jẹ̀ tó dà díẹ̀ lè bo ojú kámẹ́rà. Nígbà náà wọ́n á ní láti yí padà sí ikùn lílà láàárín iṣẹ́. Nínú COST, ó ṣẹlẹ̀ sí ìdá 21 nínú 100. Nínú CLASICC ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdá 29 nínú 100, bẹ́ẹ̀ àwọn yẹn kì í ṣe àwọn tó le tó ti Bàbá. Ẹni tí wọ́n yí tirẹ̀ padà nínú CLASICC ní ìṣòro lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ju àwọn yòókù lọ. Yíyí padà ní kíákíá, nígbà tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ wo inú tó rí i pé kò ní ṣeé ṣe, kò léwu bẹ́ẹ̀. Èyí tó léwu ni kí wọ́n máa fà á fún wákàtí mẹ́ta kí ẹ̀jẹ̀ tó lé wọn jáde.

Ọ̀nà kan wà láàárín méjèèjì tí ẹ lè béèrè bí ẹ̀rọ bá wà: kí wọ́n fi kámẹ́rà wo inú ikùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n tó la á. CT kì í sábà rí àwọn hóró jẹjẹrẹ kéékèèké tó fọ́n sára awọ inú ikùn àti sórí ẹ̀dọ̀. Bí wọ́n bá pọ̀ níbẹ̀, ètò ìtọ́jú yóò yí padà, Bàbá kò sì ní gba ojú ọgbẹ́ ńlá lásán.

Èmi kò kórìíra oníhò o. Bí ó bá jẹ́ pé T3 ni ti Bàbá, tí ó ṣeé mì, tí kò lẹ̀ mọ́ ohunkóhun, tí kókó ẹ̀ṣọ́ sì wú díẹ̀, tí dókítà tó mọ̀ ọ́n ṣe sì wà nítòsí, oníhò ni ǹ bá ní kí ẹ wá. Ìrora rẹ̀ kéré, ẹni náà á lè mí dáadáa kó sì wúkọ́, ìfun á tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọgbẹ́ kì í sábà kẹ̀, ojú ọgbẹ́ kì í sì sábà ṣí lábẹ́ awọ kí ìfun wá máa yọ síta bí ìpá. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ìfun rẹ̀ ti dí tí ikùn ti wú bí ìlù, kò sí àyè fún kámẹ́rà. Ẹni tí ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò lágbára lè má fara da afẹ́fẹ́ àti ìdorí-kọdò yẹn. Ẹni tí wọ́n ti la ikùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta rí, ìfun rẹ̀ lè ti lẹ̀ káàkiri.

Ti ìfun ìdí, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà bíi 15 tó kẹ́yìn kí a tó dé ihò ìdí, ọ̀tọ̀ ni. Níbẹ̀, bí jẹjẹrẹ bá ti jìn wọ ògiri ìfun, ìtọ́jú onítànṣán àti oògùn ló sábà máa ń ṣáájú abẹ, fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí ọjọ́ márùn-ún ní ìbámu pẹ̀lú ètò tí wọ́n bá mú. UCH Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ ará ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń lọ fún un. Lórí oníhò níbẹ̀, ìwádìí COLOR II àti COREAN rí i pé ó dọ́gba pẹ̀lú ikùn lílà, àmọ́ méjì mìíràn tó jáde ní 2015, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní Ọsirélíà, kò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Mo mẹ́nu bà á kí ẹ má baà fi ìtàn aládùúgbò tó ní ti ìfun ìdí ṣe ìwọ̀n ti Bàbá.

Ẹni tí tirẹ̀ ti dé ẹ̀dọ̀ tí kò ṣeé gé kúrò, tí ìfun kò sì dí tí kò ṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀, kì í ṣe abẹ ló kàn án ní kíákíá. Ìwádìí JCOG1007 ní Japan fi hàn pé gígé kókó inú ìfun ṣáájú oògùn kò fi kún ẹ̀mí irú wọn ju oògùn nìkan lọ.

Ó wá ku ìbéèrè yín nípa ibòmíràn. Ògbómọ̀ṣọ́ ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ méjì, ti LAUTECH àti ti Bowen tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní ọsibítù Onítẹ̀bọmi. Lójú tèmi, ohun tí ẹ ó fi pinnu kì í ṣe bóyá kámẹ́rà wà. Ẹ lọ bá dókítà yín jókòó, kí ẹ bi wọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìgbà mélòó ni wọ́n ti gé irú ìfun yìí pẹ̀lú apá àpò ìtọ̀? Ta ni dókítà àpò ìtọ̀ tí yóò wà níbẹ̀? Ṣé wọ́n á fi kámẹ́rà wo inú àpò ìtọ̀ ṣáájú? Ṣé ó ṣeé ṣe kí Bàbá jí pẹ̀lú àpò ìgbẹ́ lára ikùn, ṣé fún ìgbà díẹ̀ ni? Ta ni yóò yẹ ẹran náà wò, ṣé ó sì máa ń rí kókó ẹ̀ṣọ́ tó 12 ó kéré tán? Iye 12 yẹn ṣe pàtàkì, torí bí wọ́n bá yẹ mẹ́rin péré wò tí wọ́n ní kò sí jẹjẹrẹ, a kò tíì mọ nǹkan kan. Bí ìdáhùn bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ dúró níbẹ̀. Bí wọ́n bá sọ pé irú èyí kò tíì kan àwọn, ẹ ní kí wọ́n kọ lẹ́tà fún yín lọ sí UCH tàbí sí ilé ìwòsàn OAU ní Ilé-Ifẹ̀. Dókítà tó bá mọ iṣẹ́ kì í bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi oníhò lọ̀ yín níbikíbi, ẹ béèrè nípa iná. Kámẹ́rà, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, iná ojú kámẹ́rà àti ẹ̀rọ tó ń jó iṣan ẹ̀jẹ̀ pa, iná mànàmáná ni gbogbo wọn ń lò. Bí iná bá lọ nígbà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ṣì wà lẹ́nu irin, ojú dókítà ṣókùnkùn. Ẹ̀rọ amúnádúró gbọ́dọ̀ wà tó ń gbà á lójú ẹsẹ̀, kí jẹnẹrétọ̀ tó tan, kí àgbá afẹ́fẹ́ kejì sì wà nílẹ̀.

Ìbéèrè kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi síwájú dókítà yín: ṣé ó yẹ kí Bàbá gba oògùn jẹjẹrẹ, kímò, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó ṣe abẹ? Ìwádìí FOxTROT, tó gba aláìsàn 1053, rí i pé lẹ́yìn ọdún méjì, jẹjẹrẹ ṣẹ́ kù tàbí padà wá lára ìdá 16.9 nínú 100 àwọn tó gba kímò ṣáájú, àti 21.5 lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe abẹ. Ó máa ń jẹ́ kí kókó sún kì, kí etí ibi tí wọ́n bá gé lè mọ́, láìsí jẹjẹrẹ níbẹ̀. Bí ìfun Bàbá bá ti ń dí, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà púpọ̀, kò ní ṣeé dúró bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, kí ẹ ṣètò ara wọn sílẹ̀. Oṣù mẹ́jọ tí ẹ̀jẹ̀ fi ń lọ ti jẹ ẹ̀jẹ̀ wọn; kí wọ́n wo PCV, àyẹ̀wò tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára, kí wọ́n sì béèrè nípa oògùn ẹ̀jẹ̀ (iron) tí wọ́n ń fà sínú iṣan, torí oníhóró máa ń pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ wá ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ó kéré tán pínǹtì méjì. Ẹyin, ẹja, ẹ̀wà tí wọ́n bó èèpo rẹ̀, lójoojúmọ́. Kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò CEA, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣọ́ jẹjẹrẹ ìfun, kí wọ́n tó gé ohunkóhun, kí a lè ní ohun tí a ó fi wé lẹ́yìn náà. Àgbo gbọ́dọ̀ dúró pátápátá, kí ẹ sì sọ orúkọ gbogbo èyí tí wọ́n ti mu fún dókítà akunnilóorun. Àwọn kan ń ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́, àwọn kan sì ń mú ẹ̀jẹ̀ dà ju bó ṣe yẹ lọ. Bí Bàbá kò bá lè yàgbẹ́ tí wọn kò sì lè só, tí ikùn wú, tí wọ́n ń bì, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá, ẹ má sì fún wọn ní oògùn tó ń múni yàgbẹ́. Ìfun ti dí nìyẹn. Ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n á gbé wọn jókòó ní ọjọ́ náà tàbí ọjọ́ kejì, wọ́n á sì rìn. Ẹ má ṣàánú wọn sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìrìn ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sí wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n lè ní kí wọ́n máa gba abẹ́rẹ́ kan lábẹ́ awọ títí di ọjọ́ 28 nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn. Ìrọ̀rí ni kí wọ́n fi di ojú ọgbẹ́ mú bí wọ́n bá fẹ́ wúkọ́. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ ajílété, wọ́n ní ọkà ni a ń jẹ kí a tó mu ẹ̀kọ yangan. Fún ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ yí i padà fún Bàbá. Omi, lẹ́yìn náà ògì, lẹ́yìn náà oúnjẹ rírọ̀, àmàlà á dé tirẹ̀. Rọ́bà ìtọ̀ kò gbọ́dọ̀ yọ ṣáájú ọjọ́, kò sì gbọ́dọ̀ dí. Bí ìtọ̀ bá dáwọ́ dúró fún wákàtí méjì, ẹ pe nọ́ọ̀sì.

Ohun tó yẹ kí ẹ máa ṣọ́ jù láti ọjọ́ kẹta sí ìkẹwàá ni kí ojú tí wọ́n ti so ìfun má jò. Àmì rẹ̀ ni ibà, ọkàn tó ń sáré, ikùn tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ìrora tó ń pọ̀ dípò kó dín, ọkàn tó ń dàrú. Ẹni tó ti ń jẹun lánàá tó wá kọ oúnjẹ lónìí tí ọkàn rẹ̀ ń sáré, ẹ má ka ti pé kò tíì gbóná; ẹ sọ ọ́. Wọ́n lè ní láti dá a padà sí tíátà ní ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá délé, kí wọ́n má gbé ohun tó wúwo ju kìlógíráàmù 5 lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọkọ́ àti oko á dúró ju ìyẹn lọ.

Ẹ lọ gba èsì àyẹ̀wò ẹran náà fúnra yín, kí ẹ má dúró kí ẹnikẹ́ni pè yín. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i bóyá etí ibi tí wọ́n gé mọ́, àti iye kókó ẹ̀ṣọ́ tó ní jẹjẹrẹ nínú iye tí wọ́n yẹ̀ wò. Kímò tó bá kù yẹ kó bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó pé, fún T4 sì ni, oṣù mẹ́fà lápapọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún un. Bí oògùn tó ń jẹ́ oxaliplatin bá wà nínú rẹ̀, omi dídì àti afẹ́fẹ́ tútù á máa ta ìka àti ọ̀nà ọ̀fun wọn. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí wọ́n máa mu. CEA lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta sí mẹ́fà fún ọdún méjì, lẹ́yìn náà lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà títí ọdún márùn-ún, CT lọ́dọọdún, àti àyẹ̀wò colonoscopy, ìyẹn kámẹ́rà tí wọ́n ń gba ìdí tì wọ inú ìfun ńlá, lẹ́yìn ọdún kan.

Ẹ̀yin ọmọ náà ńkọ́? Bí bàbá bá ní i, tọmọ-tọmọ ló yẹ kó ṣe colonoscopy tó bá di ẹni ọdún 40, tàbí ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú ọjọ́ orí tí wọ́n rí i lára bàbá, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Bàbá jẹ́ 63, nítorí náà 40 ló kọ́kọ́ dé fún yín. Ẹni tó bá ti kọjá rẹ̀ nínú yín, kó gba ọjọ́ báyìí. Ẹni tó bá sì rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹni ọdún 30, kó lọ kí wọ́n fi ọwọ́ àti kámẹ́rà wò ó kó tó gbà pé jẹ̀díjẹ̀dí ni.